Ẹ̀kọ́ Àṣesílẹ̀: Yíyan Ẹ̀kọ́ tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Ẹranko ní Amẹ́ríkà Yóò Tẹ́wọ́ Gbà, àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ Kí A Fi Pè É

Ìfáárà

Àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Bàbá àgbà kan tí ó ń dáko kòkó ní agbègbè Oǹdó ni ó ń sanwó ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ nípa ẹranko ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, ó sì ti lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ó fi ìwé ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí bàbá lè mọ ohun tí òun ń náwó lé lórí. Ibi gbogbo tí ìwé náà ti lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, prerequisite, ni mo ti kọ ‘ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀’. Nígbà tí bàbá ka ìtumọ̀ mi tán, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹni tí ó ti gboyè jáde ni ẹ tún ń sọ pé kí ó lọ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀? Ilé tí a ti kan òrùlé rẹ̀, ta ní tún ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀?” Kò fi owó kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó kù ránṣẹ́. Ọmọ náà kọ̀wé láìní kọ́ọ̀sì náà, wọn kò gbà á, ọdún kan gbáko sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni ó ṣì í lọ́nà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí sábà máa ń sáré sí orúkọ àwọn ohun tí sáyẹ́ǹsì ń yẹ̀ wò, bí ẹ̀yà ara, kẹ́míkà, àrùn àti irinṣẹ́. A kì í sábà fiyè sí àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ni òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé a kò lè fún ohun tí mo ṣì túmọ̀ yìí ní orúkọ tí ó tọ́ àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò, kí a tó padà sórí orúkọ.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì àti kọ́ọ̀sì

Ní Nàìjíríà, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ ti lè wọ ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko tààrà, ọdún mẹ́fà ni yóò sì lò níbẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ni kírẹ́dìtì nínú ìdánwò àṣejáde girama, àti ìdánwò àṣewọlé tí àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ń ṣe. Orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì. Báyọ́lọ́jì tí wọ́n kọ́ ọmọ ní Ìsẹ́yìn kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé ìlànà ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn olùkọ́ méjèèjì ń tẹ̀ lé, ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ yóò sì ṣe. Ẹni tí ó bá ní orúkọ náà lórí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ti ní nǹkan náà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ètò. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yunifásítì mìíràn ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti gba oyè àkọ́kọ́ kí wọ́n tó wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò sọ oyè náà di dandan. Ohun tí wọ́n sọ di dandan ni kọ́ọ̀sì. Kò sì sí àjọ kan tí ó ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ kan náà fún gbogbo yunifásítì wọn: kálukú ni ó ń gbé kọ́ọ̀sì tirẹ̀ kalẹ̀, tí ó ń fún un ní orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wù ú. Kọ́ọ̀sì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí inú wọn má jọra rárá. Òmíràn a yàtọ̀ ní orúkọ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Àwọn kọ́ọ̀sì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ni báyọ́lọ́jì àti kẹ́místírì gbogboogbò pẹ̀lú iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, kẹ́místírì oníkábọ́ọ̀nù, kẹ́místírì ohun abẹ̀mí, físíìsì, ìmọ̀ àjogúnbá àti sìtátísíìkì. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ìfẹ́ kálukú bẹ̀rẹ̀. Ibì kan a béèrè ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ibòmíràn a béèrè ìmọ̀ nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, ibòmíràn a ní àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ti ń kọ̀wé lédè Gẹ̀ẹ́sì tàbí bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba. Òótọ́ ni pé ètò ìkọ̀wé-wọlé kan wà tí a ń pè ní VMCAS, tí àjọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko Amẹ́ríkà, AAVMC, ń bójú tó, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìwé kan ṣoṣo dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ó jẹ́ ọ̀kan. Ìdájọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún gbọ́dọ̀ ka ìlànà márààrún, kí ó sì jẹ́ ìlànà ọdún tí òun fẹ́ wọlé gan-an ni ó kà, nítorí wọ́n máa ń yí i padà.

Ohun tí ó wà nínú kọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ kí a mú kẹ́místírì oníkábọ́ọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ni ó ní oríṣi méjì rẹ̀. Ọ̀kan wà fún àwọn tí yóò ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jinlẹ̀: sáà méjì ni, sáà kejì gbára lé èkíní, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sì ń bá a rìn. Èkejì jẹ́ ti sáà kan ṣoṣo, tí a fi ń fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé kẹ́místírì púpọ̀ ní òye rẹ̀ ní ṣókí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yan oríṣi kejì nítorí pé ó rọrùn, tàbí nítorí pé àkókò rẹ̀ bá ti iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun mu, lè gba máàkì A nínú rẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko má kà á sí. Ọ̀rọ̀ tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé sáà kan péré ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kàwé yóò rò pé oríṣi ti ṣókí ni wọ́n ń sọ. Ó sì lè jẹ́ sáà kìíní oríṣi gígùn ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí ó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé inú kẹ́místírì ohun abẹ̀mí.

Iye kírẹ́dìtì tún jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Àwọn yunifásítì kan pín ọdún ẹ̀kọ́ sí sẹ̀mẹ́sítà méjì. Àwọn mìíràn pín in sí kúọ́tà. Kírẹ́dìtì kúọ́tà mẹ́ta ni ó ṣe déédéé kírẹ́dìtì sẹ̀mẹ́sítà méjì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá béèrè kírẹ́dìtì sẹ̀mẹ́sítà 3, kọ́ọ̀sì tí ó ní kírẹ́dìtì kúọ́tà 4 kò tó, nítorí pé 2.67 ni yóò jẹ́ bí a bá ṣírò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tó 4.5. Ẹni tí wọ́n béèrè 8 lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti mú 12 wá. Mo mọ̀ pé àwọn olùkàwé kan yóò sọ pé ìṣirò kékeré ni èyí. Kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí atúmọ̀ èdè bá kọ ‘kírẹ́dìtì’ lásán láìsọ irú èyí tí ó jẹ́, ó ti pa ìdá kan nínú mẹ́ta ìtumọ̀ náà tì.

Ti máàkì kò le: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń fẹ́ C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn díẹ̀ a gba C-. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn yunifásítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba kọ́ọ̀sì tí wọ́n kàn kọ ‘ó yege’ sí láìsí máàkì, wọ́n sì gba iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe láti ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe ìlànà fún kọ́ọ̀sì ọdún mìíràn láìbéèrè. Àwọn kan tún ń wo ọjọ́ orí kọ́ọ̀sì: bí ó bá ti pẹ́ ju iye ọdún tí wọ́n là sílẹ̀ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún un ṣe. Àwọn kan kì í wò ó rárá.

Ibi tí a ti ṣe kọ́ọ̀sì ni ó kù, èyí sì kan àwọn ọmọ wa tí ó ti ilé lọ. Wọn yóò ní láti mú èsì ẹ̀kọ́ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe òṣùwọ̀n ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n sì béèrè òṣùwọ̀n tí ó ń to kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Òṣùwọ̀n tí ó kàn sọ pé ‘oyè yìí dọ́gba pẹ̀lú oyè àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà’ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Níhìn-ín ni àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní àwọn yunifásítì wa, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ìlànà tí àjọ NUC gbé jáde ní 2022, CHM 101 àti CHM 102 ni kẹ́místírì gbogboogbò, CHM 107 àti CHM 108 sì ni iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tọ́ka sí CHM 101 nìkan ti sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà pé òun kò fọwọ́ kan ohun èlò yàrá àyẹ̀wò rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti ṣe é. Kí ó to méjèèjì pọ̀. Kí ó sì tọ́jú ìwé tí olùkọ́ kọ ìlànà kọ́ọ̀sì sí, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tí ó le jù lọ nígbà tí iyèméjì bá dé.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ wọ̀ ni adájọ́. Kì í ṣe yunifásítì tí a ti ṣe kọ́ọ̀sì, kì í ṣe àwọn òṣùwọ̀n ìwé-ẹ̀rí, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ó wọlé ní ọdún tí ó kọjá. Ìbéèrè tí a kọ ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ dáhùn, sàn ju ìdánilójú ẹnu lọ.

Orúkọ

Bí a ti mọ èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ tí mo ṣì lò. ‘Ìpìlẹ̀’ ń tọ́ka sí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ó sì rọrùn ju èyí tí yóò gbé lé e lórí lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ́ọ̀sì yìí rí. Yunifásítì California ní Davis, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè kẹ́místírì ohun abẹ̀mí, ìmọ̀ àjogúnbá àti ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀yà ara gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀sì ìpele òkè, ìyẹn irú èyí tí a kì í kọ́ ní ọdún kìíní àti ọdún kejì yunifásítì. Ohun tí ó wà lókè àjà ni mo pè ní ìpìlẹ̀ fún bàbá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dá lábàá ni ‘ẹ̀kọ́ kòṣeémánìí’. Ó dùn létí, ó sì sọ pé a kò lè ṣe aláìní í. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ìgbà. Ìmọ̀ ẹ̀yà ara ẹṣin àti màlúù tí a ń kọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko gan-an jẹ́ kòṣeémánìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ mú bọ̀ láti ìta. ‘Ẹ̀kọ́ àṣewọlé’ sọ ìgbà, ó sì sọ ìdí. Èmi ì bá fara mọ́ ọn bí kì í bá ṣe pé a ti fi ‘àṣewọlé’ fún ìdánwò láti ọjọ́ pípẹ́. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé JAMB mìíràn ni.

Èyí tí mo dá lábàá ni ‘ẹ̀kọ́ àṣesílẹ̀’. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kún àpólà ìṣe ‘ṣe sílẹ̀’, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá ‘àkọsílẹ̀’ láti inú ‘kọ sílẹ̀’. Ẹnì kan ta kò mí níbi ìjíròrò pé ọ̀rọ̀ náà ń mú òwe wá sọ́kàn, pé àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá, òwe tí a sì ń fi kìlọ̀ fún ẹni tí ń hùwà ìkà ni. Mo gbà pé òwe náà ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ‘ṣe sílẹ̀’ kò mọ sínú òwe. A ń se ọbẹ̀ sílẹ̀ de àlejò. A ń gbẹ́ ebè sílẹ̀ de òjò. Ohun tí a parí ṣáájú nítorí ohun tí ń bọ̀ ni, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí a ń wá.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣì wá lọ́nà, mo sì fẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Ṣáájú kí ni a gbọ́dọ̀ ti parí rẹ̀? Ṣáájú kí a tó wọlé ni, kì í ṣe ṣáájú kí a tó kọ̀wé. Ìwé VMCAS máa ń parí ní oṣù Kẹsàn-án, fún àwọn tí yóò wọlé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà kí kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ṣì wà lọ́wọ́ nígbà tí a ń kọ̀wé, bí a bá ti lè parí wọn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Bí mo bá ti túmọ̀ ìlà yìí dáadáa ni, bàbá ì bá rí i pé owó tí òun kò fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ṣì lè dé bá nǹkan ní oṣù Kìíní. Nítorí náà, mo ń ya ‘àṣesílẹ̀ tí ó parí’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘àṣesílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́’.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a ya ‘ẹ̀kọ́ àṣesílẹ̀’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ̀kọ́ àdámọ̀ràn’, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ dámọ̀ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sọ di dandan. Owó ń ṣòfò níhìn-ín ju bí a ti rò lọ, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ lè fi owó kọ́ọ̀sì dandan ṣe èyí tí kò pọn dandan. Bákan náà, ‘ẹ̀kọ́ adọ́gba’ ni kọ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ bá ti èyí tí a béèrè mu bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. ‘Ẹ̀kọ́ àfidípò’ ni èyí tí inú rẹ̀ kò bá a mu ṣùgbọ́n tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí pé a lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí inú ìlànà kọ́ọ̀sì ni a fi ń jà fún ẹ̀kọ́ adọ́gba. Ti àfidípò kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn ìwé ìyọ̀ǹda.

Orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì fúnra wọn

N kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí èyí, àfi níbi kan. Àwọn ìtumọ̀ kan máa ń pe kẹ́místírì oníkábọ́ọ̀nù ní ‘kẹ́místírì ohun abẹ̀mí’, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún un fara pẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí ó ní ẹ̀mí. Èyí tọ́ ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn onímọ̀ gbà pé ara ohun abẹ̀mí nìkan ni irú èròjà bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Ní 1828, Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ṣe èròjà yúríà nínú yàrá àyẹ̀wò láti inú ohun tí kò ní ẹ̀mí. Yúríà yìí kan náà ni ó wà nínú ìtọ̀ ajá àti màlúù, nítorí náà inú mi dùn pé àpẹẹrẹ náà bá iṣẹ́ oníṣègùn ẹranko mu. Láti ìgbà náà ni ìtumọ̀ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Kẹ́místírì àwọn èròjà oníkábọ́ọ̀nù ni, ìbáà jẹ́ pé wọ́n wá láti ara ẹranko tàbí inú ìgò. ‘Kẹ́místírì ohun abẹ̀mí’ ni kí a fi sílẹ̀ fún ìmọ̀ nípa ìyípadà kẹ́míkà tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Kọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n, owó méjì ni; ìwé tí ó bá fún wọn ní orúkọ kan ti yọ ọ̀kan kúrò nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe.

Nípa sìtátísíìkì, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò náà. Bí a bá pè é ní irú ‘ìṣirò’ kan, òbí yóò ní ọmọ òun ti ṣe ìṣirò láti girama.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn atúmọ̀ èdè. Bí ẹni tí ó wá bá yín bá ti gba oyè ìṣègùn ẹranko ní Nàìjíríà, kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa túmọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ àṣesílẹ̀ fún un. Ọ̀nà tirẹ̀ ni àwọn ètò ìdánwò tí a ń pè ní ECFVG àti PAVE, tí wọ́n fi ń yẹ ìmọ̀ àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nílẹ̀ òkèèrè wò. Ó tì mí lójú láti sọ pé mo ti rí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí físíìsì nítorí pé ìwé tí kò kàn án ni wọ́n kà fún un.

Mo tún ìwé bàbá kọ, mo sì gbé e lọ bá a fúnra mi. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá fi ìka sí ibi tí mo kọ ‘ẹ̀kọ́ àṣesílẹ̀ tí ó kù: ọ̀kan’. Ó ní, “Èyí ni wọ́n ń retí kí ó ṣe sílẹ̀? Èló ni?” Mo sọ iye fún un.

Ọ̀rọ̀ tí n kò tíì rí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni ‘kọ́ọ̀sì ìpele òkè’. Ó gùn, ó sì lè dà bí ẹni pé òkè ipò ni a ń sọ, kì í ṣe jíjìn ẹ̀kọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dá ‘kọ́ọ̀sì ìjìnlẹ̀’ lábàá, ṣùgbọ́n a ti ń lo ‘ìjìnlẹ̀’ fún oríṣiríṣi nǹkan tí kò tan mọ́ èyí. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè kan bá ní èyí tí ó ti dán wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, inú wa yóò dùn láti gbọ́ ọ.